Kọ̀ǹpútà Tó Dá Ìjà Sílẹ̀ Láàrin Ìwọ àti Kúnlé

Ìsàlẹ̀ Takie,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn.

Àjíkẹ́ mi, ọmọ ọjọ́ alẹ́ mi,

O kú ilé tuntun o, o sì kú iṣẹ́ tuntun. Ọ̀yọ́ á tù ọ́ lára bó ṣe tu ìyá rẹ lára kí n tó lọ mú un níbẹ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ara mi le, a dúpẹ́. Orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi ṣe agídí, èmi náà sì ń bá a ṣe é padà.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́bọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dáa bó o ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, tí o ò pè mí lórí fóònù, torí bí mo bá gbé nǹkan yẹn sétí, ariwo ni mò ń pa, mi kì í gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. O ní ìwọ àti ọkọ rẹ ti kó owó díẹ̀ jọ láti ra kọ̀ǹpútà sílé. Ìwọ fẹ́ kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wàá máa fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ. Kúnlé fẹ́ èyí tó lè ta géèmù, pàápàá géèmù bọ́ọ̀lù tó máa ń lọ ta lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. O ní o bi í pé, “Ṣé torí géèmù lo ṣe fẹ́yàwó ni? Ṣé ọmọdé ni ọ́?” Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹsàn-án rèé, ó ń jẹun, ó ń dáhùn bó o bá pè é, ṣùgbọ́n kì í bá ọ ṣeré mọ́. O wá ní kí n bá ọ bá a wí.

Háà, Yínká! Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Wá ibì kan jókòó sí. Bó o bá ń se nǹkan lórí iná, lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná. Ìwé yìí á gùn. Mi ò kọ irú rẹ̀ rí, bóyá ni màá sì tún kọ òmíràn.

Má rò pé mo fẹ́ máa sọ ohun tí mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gun ọ̀kadà lọ bá Rísìkátù, obìnrin tó ń bá èèyàn tẹ ìwé ní oríta Takie. Mo gba ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kó ṣàlàyé kọ̀ǹpútà fún mi, kó má fi nǹkan kan pamọ́. Ó wo irun funfun orí mi, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ máa ta géèmù ni?” Mo ní bó bá máa mú àlàáfíà wá sílé ọmọ mi, màá ta á. Ohun tó kọ́ mi, màá sọ ọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, kòtò tèmi ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ mú ọ dé.

Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí. Oòrùn ti rọ̀, ọyẹ́ ti bo gbogbo òkè ilé, kò sóhun tó hàn kedere. Ní irú àkókò báyìí, mi kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ọdún tí mo wà mọ́. Bí ẹnìkan bá ń fá pákó ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo máa ń rò pé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ni, pé mo ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, pé ìyá rẹ wà nínú lọ́rì kan tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Má fi mí ṣẹ̀sín. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ìwọ náà máa bá ara rẹ níbẹ̀.

Ó ku bí ọdún márùn-ún kí Nàìjíríà gba òmìnira. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀ọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà, orí mi sì wú. Èmi àti Débórà ìyá rẹ ti ń fẹ́ra wa sọ́nà. Alàgbà ni bàbá rẹ̀ nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Ọ̀yọ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni jó nínú ilé òun. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ibi ijó. Ijó sì wà lára ìyá rẹ! Bó bá ń fọ aṣọ, ejìká rẹ̀ ń jó. Bó bá ń rìn lọ sódò, tí gìtá bá dún nílé kan, ìrìn rẹ̀ á yí padà, á sì wo ẹ̀yìn bóyá bàbá rẹ̀ ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, tó sin mí dé ibi tí lọ́rì Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń gbéra, mo ní, “Débórà, bó o bá délé mi, gírámafóònù á wà níbẹ̀. Wàá jó títí á fi sú ọ.”

Ó ní, “Ẹ ò ní bínú?”

Mo ní, “Bínú kẹ̀? Èmi ni màá máa yí ọwọ́ rẹ̀ fún ọ.”

Ó kàn ń wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́rì ti lọ jìnnà kí n tó rántí jókòó.

Bí mo ṣe kó owó jọ nìyẹn. Bàbá kan wà ní Takie tó ń ta kẹ̀kẹ́ àti gírámafóònù. Méjì ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan kéré, awọ dúdú ni wọ́n fi bò ó, ó rí ṣákálá bí àpótí onígbàjámọ̀. Èkejì ga dé àyà mi, igi ọ̀gànwó ni, ó ní ilẹ̀kùn méjì níwájú àti ẹsẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n gbẹ́ yípo. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á, nítorí náà iye rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti kékeré lọ.

Bàbá náà ní, “Ọ̀gá káfíńtà, ẹ jẹ́ kí n fi àwo orin kan sí i, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dé òpin kẹ́ ẹ tó sanwó.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Pákó kì í parọ́ fún mi.”

Ọ̀gá mi ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ká tó ra pákó, a máa ń fi ìka kàn án, a ó gbé etí lé e. Èyí tó bá ti jẹrà nínú, ohùn rẹ̀ á kú. Mo kan ẹ̀rọ yẹn lápá ọ̀tún, mo kàn án lápá òsì, ó ń dáhùn gbọn-in gbọn-in. Mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo wo gbogbo ibi tí wọ́n ti so pákó pọ̀. Ẹni tó kàn án mọṣẹ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé orin ni mo wá rà, kì í ṣe àpótí. Káfíńtà nìkan ló lè ya irú òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, Yínká, ìmọ̀ràn kìíní. Rísìkátù ní àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí ara wọn ń tàn, iná pupa, iná búlúù, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí kí àwọn tó ń ta géèmù lè fẹ́ràn wọn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kó burẹ́wà, kí àpótí rẹ̀ há díẹ̀, kò kàn yín. Rísìkátù tú súkúrù mẹ́rin lára kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ohun mẹ́ta hàn mí. Ọ̀kan ni ibi tó ti ń ronú. Ìkejì ni ibi tó ń tẹ́ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. Mo ní, “Ẹ̀n-ẹ́n! Bẹ́ǹṣì káfíńtà nìyẹn.” Bó bá kéré jù, bí káfíńtà tilẹ̀ mọṣẹ́ bí idán, gbogbo nǹkan á máa já bọ́ sílẹ̀ ni. Ìkẹta ni pátákó pẹlẹbẹ kan tó ń ya àwòrán sójú rẹ̀. Ti iṣẹ́ ìwé rẹ, èyíkéyìí ló máa ṣe é. Ti géèmù Kúnlé, àfi kí pátákó náà dá wà lọ́tọ̀, kí wọ́n má so ó pọ̀ mọ́ ibi tó ti ń ronú, kó sì lágbára, torí bọ́ọ̀lù tó ń sáré kò ní dúró de ẹni tó ń ya àwòrán jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ná owó sí.

Ó tún ní kí ẹ mú páálí géèmù náà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kọ ohun tó ń fẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi wé ti kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ rà. Bí kò bá tó, kí ọlọ́jà ibẹ̀ má fi ẹnu dídùn tàn yín.

Mo ti sùn lọ díẹ̀. Ẹ̀fúùfù ti fẹ́ ojú ìwé kejì dé ìdí ìkòkò omi, ọmọ àdúgbò kan ló bá mi mú un. Níbo ni mo dé? Ìmọ̀ràn kejì. Ẹ gbọ́ orin náà dé òpin. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹ ta géèmù náà nínú ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì, kó tó wákàtí kan. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ mọ̀ bó bá ń gbóná jù. Ẹ fetí sí fáànù inú rẹ̀. Tòkunbọ̀ kì í ṣe ẹ̀gàn, tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ilé wa ń lò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ọlọ́jà ibẹ̀ bá ní kò sáyè, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wò ó bó ṣe rí.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni, lọ́sàn-án. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, eruku pákó tó lẹ̀ mọ́ aṣọ mi ń fò nínú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìyá rẹ bọ́ bàtà, ó so ìró rẹ̀ le, ó dúró láàrin pálọ̀. Mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ, mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo orin. Gìtá bẹ̀rẹ̀. Ó na apá méjèèjì, ó di ojú, ó ń yí jẹ́jẹ́. Kò tíì jó nínú ilé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Títí dòní, bí mo bá sun oorun ọ̀sán, ibẹ̀ ni mo máa ń bá ara mi. Eruku ń fò, ó ń yí, orin náà ò sì dúró.

Ṣùgbọ́n ó dúró. Kò tíì dé ìdajì tí ohùn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń wálẹ̀, ó ń wúwo, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìyá rẹ la ojú, ẹsẹ̀ kan ṣì wà lókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bùrọ̀dá, ó ti rẹ olórin yìí o! Ẹ bá mi fún un lómi mu!”

Àwàdà ni. Ká ní mo bá a rẹ́rìn-ín ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Gbogbo ará àdúgbò ló rí mi nígbà tí mo ń gbé ẹ̀rọ ńlá wọlé, mo sì ti fi yangàn. Mo yíjú sí i, mo ní, “Ṣé torí ijó lo ṣe wá ilé ọkọ ni? Ṣé ọmọdé ni ọ́?”

Ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wọ bàtà. Ó ní, “Ẹ má bínú.” Ó lọ dáná.

Ọmọ mi, lọ ka ohun tó o kọ sí mi nípa Kúnlé. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo tún gbé e. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ rí. Ta ló wá fi í sí ọ lẹ́nu? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ẹlẹ́rọ kan wà ní Ọ̀yọ́ tó ní òun á fi sípíríǹgì tuntun sí i. Mo ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n gbé iṣẹ́ bẹ́ǹṣì ilé-ìwé fún mi ní Ìrẹsà, mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá tún un ṣe, á jẹ́ pé ẹ̀rọ ló jẹ̀bi lọ́jọ́ náà, pé ìyá rẹ kò ṣẹ̀. Mi ò fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bí ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà, ìyá rẹ ní òun ń wá ibi tí òun á máa kó abọ́ sí. Mo tú irin inú rẹ̀ dànù, mo kan pẹpẹ méjì sí i. Kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní pálọ̀ wa, tí ẹ ń kó abọ́ àlejò sí, tó o máa ń sá sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n bá ní kó o wá wẹ̀, òun ni. Gírámafóònù ìyá yín ni.

Kò fi sùn mí rí. Ó bí ọmọ márùn-ún fún mi, ó tajà, ó kọ́lé tì mí. Ṣùgbọ́n kò bọ́ bàtà láàrin pálọ̀ yẹn mọ́.

Ìmọ̀ràn kẹta, tàbí ìkẹrin, mi ò kà á mọ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. O bẹ̀rù pé ti Kúnlé á gbé gbogbo owó yín lọ, ẹ̀rù rẹ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Rísìkátù ní kí ẹ má ra èyí tí wọ́n ń gbé lé itan. Bí wọ́n bá ní agbára kan náà, èyí tó ń jókòó sórí tábìlì ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀ jù, ẹ sì lè pààrọ̀ ohun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọwọ́ bá ṣe ń tẹ owó. Ẹ ra èyí tó lè ta géèmù tí Kúnlé fẹ́ràn lónìí. Géèmù tí wọn ò tíì ṣe, ẹ má ra kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì fi owó sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń gbé iná dúró bí iná ìjọba bá lọ lójijì, torí iná Ọ̀yọ́, o mọ̀ ọ́n. Èyí tó lè ta géèmù á ṣe iṣẹ́ ìwé rẹ bí ẹni ń ṣeré. Èyí tó lè ṣe iṣẹ́ ìwé nìkan, kò ní lè ta géèmù. Ẹ̀yin méjèèjì lè rí tiyín gbà lára ẹyọ kan. Ìjà kí lẹ wá ń jà?

Bóyá wàá ní ọ̀rọ̀ eré ni mo sọ di ńlá báyìí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé ilé ni a kọ́kọ́ ń kọ́, tí a bá kọ́lé tán, a ó ṣeré. Lọ́dún tí mo pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo ra rédíò olókásẹ́ẹ̀tì kan ní Takie. Mo gbọ́ ọ dé òpin kí n tó sanwó, mo ti kọ́gbọ́n. Mo wá orin ọjọ́ yẹn kiri títí mo fi rí i. Mo gbé e délé lọ́sàn-án, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tàn án. Gìtá bẹ̀rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ìyá rẹ níbi tó jókòó sí.

Ó fetí sí i. Ó mọ orin náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.”

Mo jókòó tì í. Orin náà lọ dé òpin, kò fà, kò wálẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kó má bínú, pé ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe òun. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ di ọ̀la nìyẹn títí a fi sin ín.

Nítorí náà, mi ò ní bá Kúnlé wí. Ọkùnrin tó fẹ́ gbé eré rẹ̀ wá sílé lọ́dọ̀ aya rẹ̀, kí ni mo fẹ́ bá a wí fún? Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ ra kọ̀ǹpútà náà, ẹ jọ lọ. Ohun tí wọ́n ń dì mọ́wọ́ ta géèmù bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pè ní pádì, ẹ ra méjì. Ṣùgbọ́n má dúró dìgbà yẹn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé lónìí, kó tó bọ́ aṣọ, lọ bá a níbi tó bá wà, kó o sọ fún un pé ohun tó o sọ kò dáa, kí o sì ní, “Kúnlé, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta á.” Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn mọ nìyẹn, Àjíkẹ́. Èmi ní ohun tó lé ní ogójì ọdún láti sọ irú rẹ̀ fún ìyá rẹ, ẹnu mi ò gbé e.

Èmi ni, bàbá rẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ kì í sú,

Jóṣúà.